Ìpín Ààrò

Bí ẹ bá wọ ilé iṣẹ́ oníkéèkì náà láàárọ̀, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kéèkì tó ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí láìtó àkókò. Lẹ́yìn náà, ẹ máa rí ikùn kan tó yọ jáde láti ẹ̀yìn tábìlì òṣùwọ̀n. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó rí ẹni tó ni ikùn. Kì í ṣe èmi ni mo bú u o, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ kọ́kọ́ kí ikùn mi ná," á wí fún àlejò, "èmi náà ń bọ̀ lẹ́yìn."

Atọ́wò ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ṣì wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́ àfi ìyàwó rẹ̀, òun náà sì di ìgbà tí inú bá ń bí i. Iṣẹ́ Atọ́wò ni pé kó fi ahọ́n sọ bí kéèkì bá dùn tàbí kò dùn. Láràárọ̀, á po ìyẹ̀fun, ẹyin, bọ́tà àti ṣúgà díẹ̀ sínú àwo kékeré kan, á ti ìka bọ̀ ọ́, á lá a, á sì di ojú. Bó bá ti di ojú báyìí, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Wọ́n á pa ẹ̀rọ. Ẹni tó ń fọ páànù lẹ́yìn ilé á sé omi. Nígbà tó bá la ojú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa sọ, ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ láti ọdún gbọọrọ: "Ó kù díẹ̀ káàtó. Ṣúgà!"

Kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun wọn ṣúgà. Ìyẹ̀fun, ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe wù yín, bọ́tà, kò kàn án. Ṣùgbọ́n ṣúgà tó máa wọ inú àwọn àwo ńlá, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń kàn án. Bó bá sì wọ̀n ọ́n tán, á tún bu ife kan lé e. Ìpín ààrò ni ó ń pe ife yẹn. Ó ti ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, kò sì sí òṣìṣẹ́ tuntun kan tí kò jókòó gbọ́ ìwàásù rẹ̀ rí.

"Ooru máa ń jẹ ṣúgà," á wí, á na ìka sí ààrò bíi pé ààrò jí nǹkan. "Kéèkì á dùn nínú àwo, á jáde nínú ààrò tán, adùn á ti dín. Mo ti tọ́ ọ wò láìmọye ìgbà. Ẹ yáa fún ààrò ní ìpín tirẹ̀, kó má baà jẹ ti oníbàárà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá," ni wọ́n máa ń dá a lóhùn.

Ohun tó wá ya Atọ́wò lẹ́nu ni pé ọdọọdún ni ọ̀fun ààrò náà ń gbòòrò sí i. Ṣíbí kan ló ń jẹ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ààbọ̀ ife, ó di odidi ife, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Atọ́wò á mi orí, á bu sí i. Ìyá Ìbejì, obìnrin tó ń po kéèkì, á wá gbé àwo lọ sí ẹ̀yìn ògiri níbi tí ẹ̀rọ wà. Atọ́wò á jókòó ti àwo kékeré rẹ̀, á fi ìka nù ún mọ́ tónítóní, torí ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn máa fi oúnjẹ ṣòfò.

Ẹ má gbàgbé pé gbogbo ìgbà yìí, ọkùnrin tí mò ń wí yìí ní àtọ̀gbẹ. Ó ti ní in tipẹ́. Ayálégbé tí kò ṣeé lé ni ó ń pè é. Ó ń lo oògùn láàárọ̀, ó ń gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì níkùn lálẹ́, á sì máa dúpẹ́ pé Ọlọ́run fún òun ní ikùn tí abẹ́rẹ́ kò lè tàsé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá bi í bóyá ó ń jẹ ṣúgà, á fi ọwọ́ sáyà. "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Mi ò kì í jẹ ẹ́. Mo kàn ń tọ́ ọ wò ni." Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Atọ́wò mọ òwe náà dáadáa. Ó ní ti òun kì í ṣe ọ̀nà mọ́, títì márosẹ̀ ni, wọ́n sì ti fi ọ̀dà sí i.

Egbò kékeré kan ló fòpin sí ẹ̀fẹ̀. Bàtà ha á ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, ojú ibẹ̀ kò sì jiná. Ó fọ̀ ọ́, ó di í, oṣù kan wọ òmíràn, kò jiná. Dókítà tó máa ń bá a jà ní gbogbo ìgbà tó bá wá kò tilẹ̀ bá a jà mọ́. Ó kàn wo ẹsẹ̀ náà, ó wo iye tí ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kọ, ó dákẹ́, ó sì ní kó lọ rí dókítà oníṣẹ́ abẹ kan. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló já Atọ́wò láyà. Bí ẹni tó máa ń bú ọ bá dédé ń ṣe jẹ́jẹ́, yáa tètè wá nǹkan ṣe.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ náà jẹ́ obìnrin tínínrín kan tí Atọ́wò rò pé bí òun bá sín, á ṣubú. Ó ya nǹkan sórí bébà, ó yà á bí àpò tó ní ìrù gígùn.

"Bàbá, àpò oúnjẹ yín nìyí," ni ó wí. "A máa gé e. Èyí tí a ó fi sílẹ̀ lókè fún oúnjẹ kò ní ju ẹyin kan lọ. A ó wá fa ìfun láti ìsàlẹ̀ wá, a ó so ó mọ́ ọn. Oúnjẹ kò ní gba ibi tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́, á gba ọ̀nà ẹ̀bùrú."

"Ó yé mi. Kí n má baà rí àyè jẹun ni."

"Ìyẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ síbẹ̀. Ìfun yín kì í ṣe páìpù lásán. Ó máa ń ránṣẹ́. Àwọn òǹjíṣẹ́ rẹ̀ ni à ń pè ní họ́mónù. Ní apá ìsàlẹ̀ ìfun, bí oúnjẹ bá dé, àwọn òǹjíṣẹ́ kan á jáde. Wọ́n á lọ bá ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlínì lẹ́yìn ikùn, wọ́n á ní, 'Dìde, iṣẹ́ ti dé.' Wọ́n á lọ bá ọpọlọ, wọ́n á ní, 'Ó ti tó, kí ẹnu sinmi.' Lára yín báyìí, òkè ni oúnjẹ ti ń tán, ìwọ̀nba ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, á máa tètè dé bá wọn, wọ́n á sì jáde púpọ̀. Òmíràn tún wà nínú àpò oúnjẹ fúnra rẹ̀, òun ló máa ń kígbe ebi. Òun náà sábà máa ń rẹ ohùn sílẹ̀."

Atọ́wò ronú sí i. "Ìyẹn ni pé àwọn òṣìṣẹ́ inú mi ti ń sùn láti ọjọ́ yìí wá, èmi ọ̀gá wọn sì wà lókè, mò ń jẹ oúnjẹ tiwọn."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé gègé sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ojú le. Ó ní òun kò sọ pé àtọ̀gbẹ máa lọ pátápátá o, ó lè sùn fún ìgbà pípẹ́, ó sì tún lè jí. Ó ní títí ayé ni bàbá á máa lo fítámì. Ó wá fi èyí tó ṣẹ́kù kún un bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí bàbàrà: "Ìtọ́wò àwọn mìíràn máa ń yí padà. Adùn lè má rí bó ṣe máa ń rí lẹ́nu yín mọ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú Atọ́wò. "Yí padà báwo?"

"Ẹlòmíràn, ṣúgà bíńtín á ti pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Ẹlòmíràn kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Mi ò lè ṣe ìlérí, bàbá."

Nígbà tó délé, kò lè jókòó. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń ṣẹ́ etí yẹ̀rì kan. Atọ́wò ń lọ síwá, ó ń lọ sẹ́yìn, òjìji ikùn rẹ̀ ń bo iṣẹ́ obìnrin náà mọ́lẹ̀.

"Ahọ́n yìí ni oko mi," ni ó wí. "Òun ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá bà á jẹ́, kí ló kù lára mi? Ta ni wọ́n máa máa pa ẹ̀rọ dúró dè? Ta ni wọ́n máa pè ní Atọ́wò? Ikùn lásán ni mo máa dà, ikùn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́."

Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ wo ṣòkòtò yín. Mo ti tú u títí, kò sí aṣọ tí mo lè tú mọ́. Mo tún ti wo egbò yẹn lánàá nígbà tí ẹ̀ ń sùn. Ẹ̀rù ń bà mí. Yálà kí ẹ jẹ́ Atọ́wò tó wà láàyè tàbí kí ẹ jẹ́ Atọ́wò tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀, ẹ mú ọ̀kan."

 Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé, ó lọ. Kí wọ́n tó fún un ní oògùn oorun, ó ní kí wọ́n bá òun wo inú ikùn náà dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti sọnù nílé iṣẹ́ wọn.

Ohun tó tẹ̀ lé e, Atọ́wò ni kó máa sọ ọ́ fún yín, torí kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó òun fúnra rẹ̀. Ó ní òun ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀, omi inú ife kékeré ni òun ń mu ní díẹ̀díẹ̀ bí adìyẹ. Ní ọjọ́ mélòó kan péré lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì gún un níka, ó wo ẹ̀rọ ṣúgà, ó tún gún ìka mìíràn. Ṣúgà náà ti wálẹ̀. Wọ́n dín ínsúlínì kù, wọ́n tún dín in kù, nígbà tó yá wọ́n ní kó dá a dúró ná. Atọ́wò kò gbà. Ó ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Ó bẹ nọ́ọ̀sì pé kó gún ìka ara rẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ sílé, ìka ìyàwó rẹ̀ ló tún gún.

"Kò yé mi," ni ó wí fún obìnrin náà. "Wọ́n ní sísanra ló ń fà á. Mi ò sì tíì fọn."

Ìyàwó rẹ̀ fa téèpù yọ, ó na apá yí i ká. Ikùn náà kò yẹ̀ kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, àfi bóyá díẹ̀ tí kò ju kéèyàn fún okùn ṣòkòtò pọ̀ lọ. Atọ́wò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bi dókítà léèrè.

"Òótọ́ ni pé oúnjẹ yín ti dín púpọ̀, ìyẹn ń ṣe tirẹ̀," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n àwọn òǹjíṣẹ́ tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn, wọn kì í dúró de kí èèyàn fọn. Gbàrà tí oúnjẹ bá ti ń gba ọ̀nà tuntun ni wọ́n ti wọṣẹ́. Fífọn ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá ṣàjèjì sí i jù ni ìdákẹ́jẹ́ inú rẹ̀. Láti kékeré ló ti mọ ebi bí aládùúgbò tó máa ń lu ògiri jí èèyàn láàárọ̀ kùtù. Ó wá jí lọ́jọ́ kan, ó dúró, ó tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó jẹ ṣíbí mélòó kan, ara rẹ̀ ní ó tó. Àárò ebi sọ ọ́. Ó bi ìyàwó rẹ̀ bóyá wọn kò ṣèèṣì gé èèyàn inú òun kúrò.

Ọjọ́ kan wà tó fẹ́ mọ̀ bóyá ahọ́n ṣì wà lẹ́nu òun. Ìyàwó rẹ̀ wà ní pálọ̀ pẹ̀lú oníbàárà. Atọ́wò yọ́ wọ ilé ìdáná, ó ṣí mílíìkì alágolo tó nípọn, tó kún fún ṣúgà, ó bu ṣíbí kan, ó bu èkejì, kó tó di pé ojú rẹ̀ là, ó ti fẹ́ẹ̀ rí ìsàlẹ̀ agolo. Kò pẹ́ rárá. Òógùn bò ó, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, ó sì rọra sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ilé ìdáná. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó ti ń pín ogún.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ, fún ọmọbìnrin wa àgbà," ni ó ń wí.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì gbé agolo náà sókè wò ó. "Ẹ dìde nílẹ̀, ojú ń tì mí, èèyàn wà ní pálọ̀."

Dókítà ní kò kú, kò sì ní kú. Ó ní àpò tó máa ń dá oúnjẹ dúró tẹ́lẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà mọ́, gbogbo ṣúgà yẹn já lu ìfun lẹ́ẹ̀kan náà, omi ara sáré tẹ̀ lé e, àwọn òǹjíṣẹ́ sì jáde gìrìgìrì. Láti ọjọ́ náà, bí Atọ́wò bá rí agolo mílíìkì, á kí i láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé mílíìkì náà kò dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó dùn jù. Ẹ̀rù bà á.

Egbò ẹsẹ̀ jiná, èépá rẹ̀ ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń jiná. Nígbà tó máa padà síbi iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ ti gba ṣòkòtò méjì sínú. Àwọn òṣìṣẹ́ hó yèè. Màdáàmù, tó jogún ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí Atọ́wò sì ti mọ̀ láti ìgbà tó ṣì ń fi orí ìka dúró kí ojú rẹ̀ tó ga ju tábìlì lọ, jáde wá dì mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ sì ká a tán. Wọ́n pa ẹ̀rọ. Ẹni tó ń fọ páànù sé omi. Ó po àwo kékeré bó ṣe máa ń pò ó tẹ́lẹ̀ gan-an, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó di ojú.

Ojú náà là wàì. Adùn náà gbá a lẹ́nu bí ìgbà tí ìyá èèyàn bá fọ́ni létí.

"Ó ti pọ̀ jù," ni ó wí.

Wọ́n ń wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. Ó da àwo náà nù, ó po òmíràn, ó dín ṣúgà, ó tún po òmíràn, títí ó fi dé ibi tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí. Nígbà tó wá ń wọn ti àwọn àwo ńlá, ó fi ìwọ̀n tuntun wọ̀n ọ́n. Ìpín ààrò náà, ìdajì ló bù. "Kí òun náà ṣọ́ oúnjẹ jẹ díẹ̀," ni ó wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì gbé àwo lọ sí ẹ̀yìn ògiri. Inú Atọ́wò dùn lọ́jọ́ náà. Ó ní ahọ́n òun kò lọ síbì kan, ó kàn lọ gba ìsinmi ni.

Kéèkì ọjọ́ yẹn, ti ọ̀gá ilé ìwé kan tó ń fẹ̀yìn tì ni. Ó gùn, ó fẹ̀, òdòdó kíríìmù yí i ká. Ọjọ́ kejì, ọ̀gá ilé ìwé náà fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀là kan padà wá nínú ike. Kò pariwo, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ. "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, mo kàn fẹ́ béèrè ni," ni ó wí. "Ṣé ti àwọn tó ń ṣàìsàn ni ẹ ṣèèṣì gbé fún wa? Àwọn àlejò mi rò pé búrẹ́dì ni mo fi kíríìmù kùn."

Nígbà tó lọ tán, Màdáàmù pe gbogbo wọn jọ. Atọ́wò gé díẹ̀ lára ẹ̀là náà, ó jẹ ẹ́. Ó gbẹ lẹ́nu bí fóòmù. Ó kọ́kọ́ yíjú sí ààrò.

"Ẹ ò rí olè yìí! Mo dín ìpín rẹ̀ kù lẹ́ẹ̀kan péré, ó bínú kó gbogbo rẹ̀ jẹ!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì ń wo ilẹ̀. Atọ́wò náà gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò sí ààrò tó lè jẹ tó yẹn. A jẹ́ pé láti inú àwo ló ti burú. Ohun tó rò pé ó tó láàárọ̀ àná kò tó, ahọ́n rẹ̀ ló parọ́ fún un. Ohun tó ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ tó ti pàdé dókítà ti dé. Ó tú okùn aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́, ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì òṣùwọ̀n.

"Màdáàmù," ni ó wí, "ahọ́n mi ti bá ìfun lọ. Ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ má jẹ́ kí n ba orúkọ ìyá yín jẹ́. Bó bá jẹ́ ẹni tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ni ẹ fẹ́, mo ṣì lè dí i."

Ó fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kó lè ráyè jáde. Dípò ẹ̀rín, Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má lọ. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ààrò kì í jẹ ṣúgà."

"Ta ló wá ń jẹ ẹ́?"

"Èmi ni ààrò náà, sà."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹkún. Ó ní ó ti tó ọdún mélòó kan tí ṣúgà bàbá ti ń pọ̀ jù, tí àwọn oníbàárà ń sọ pé kéèkì ilé yìí ń ro wọ́n léyín. Kò mọ bó ṣe máa wí i. Bó bá ti gbé àwo dé ẹ̀yìn ògiri, á bu ṣúgà kúrò kó tó da ìyókù sẹ́rọ, á dá a padà sínú àpò. Bí bàbá ṣe ń bù sí i lòun náà ń bù kúrò. "Àná, mo gbọ́ tí ẹ sọ pé ó pọ̀ jù. Mo gbọ́ ọ, sà. Ọwọ́ mi ni kò gbọ́. Kí n tó ronú, mo ti bù ú kúrò bí mo ṣe máa ń bù ú."

Atọ́wò wo Màdáàmù. Màdáàmù ń wo àjà.

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀, bàbá."

Ó wo àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló mọ̀, títí kan ẹni tó ń fọ páànù. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ó fa àga, ó jókòó, ẹ̀rín ló sì kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tó ń mì ín láti òkè dé ilẹ̀. "Gbogbo bí mo ṣe ń di ojú yẹn!" ni ó wí. "Tí ẹ ń pa ẹ̀rọ! Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni, àṣé ẹ kàn ń dúró kí ọ̀dẹ̀ ṣe tirẹ̀ tán kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ ni. Tí mo tún ń wàásù ààrò fún yín! Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá! Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá!"

Ẹ̀rín náà dúró lójijì. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó dùn mí. Dókítà sọ fún mi pé bí ṣúgà bá pẹ́ lára, ó máa ń pa ìtọ́wò. Ahọ́n mi ti ń kú, gbogbo yín ń wò ó, èmi nìkan ni mi ò mọ̀. Mò ń jókòó síbí, mò ń lá ìsàlẹ̀ àwo, ẹ̀yin wà lẹ́yìn ògiri, ẹ̀ ń gba àwọn oníbàárà là. Èmi ńkọ́? Ta ló gba èmi là? Bí ẹnì kan bá ti wí fún mi pé, 'Bàbá, ẹnu yín ò mọ adùn mọ́,' ṣé mi ò ní béèrè ohun tó ń ṣe mí?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́, sà," ni Ìyá Ìbejì wí. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú yín kí n sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn?"

 Atọ́wò mọ̀ pé bí obìnrin náà bá ti sọ ọ́ nígbà náà, òun ì bá bínú, òun ì bá tilẹ̀ lé e kúrò nídìí ẹ̀rọ. Òun ló ti kọ́ wọn ní "bẹ́ẹ̀ ni, bàbá." Ìfẹ́ ni wọ́n fi bo àṣírí rẹ̀, ìfẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e lẹ́sẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fà á dìde. Lẹ́yìn náà ó mú aṣọ funfun rẹ̀ lórí tábìlì, ó wọ̀ ọ́ padà, ó sì padà sídìí òṣùwọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pa ẹ̀rọ. Ó po àwo kékeré nínú ariwo, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó lá a, ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kedere. Ó tó lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé àwo náà fún Ìyá Ìbejì.

"Tọ́ ọ wò."

Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ibi sá sí. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó lá a.

"Ó dára, bàbá."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó dára. Ṣé ó tó?"

Ìyá Ìbejì tún un lá. "Ó pọ̀ jù díẹ̀, sà," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Gbogbo ara Atọ́wò fẹ́ kígbe mọ́ ọn. Ó tún un lá. Ó ṣì tó lẹ́nu rẹ̀. Ó tún un lá lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì dá a lójú mọ́.

"Irọ́ lò ń pa. Ó tó."

"Kò rí bẹ́ẹ̀, sà. Ó pọ̀ jù." Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ.

Atọ́wò gbé àwo sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti já a nírọ́ nínú ilé yẹn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Omi lé ròrò sí i lójú, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ìyẹ̀fun kùn ún lójú. Ó yí sí òṣùwọ̀n, ó wọn ṣúgà fún àwọn àwo ńlá, ó dín in kù díẹ̀ bí obìnrin náà ṣe wí, kò sì bu nǹkan kan lé e. Nígbà tí Ìyá Ìbejì gbé àwo àkọ́kọ́, ó dìde tẹ̀ lé e lọ sí ẹ̀yìn ògiri, ó dúró tì í gbọn-in. Obìnrin náà da gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ.